“Iná Wà, Kò Kàn Gbé E Ni”: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Pípààrọ̀ Sítátà Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn Yorùbá ń lò, àti àwọn tí ó yẹ kí wọn máa lò, nígbà tí wọ́n bá ń yọ sítátà ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti pẹ́ láyé, tí wọ́n sì ń fi òmíràn dí ipò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa máa bi ara yín pé kí ni ti onímọ̀ èdè nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ìdáhùn wa kò gùn. Ní Ìpájà àti agbègbè rẹ̀, láti Ìyánà Ìpájà títí dé Ayọ̀bọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti ọmọ ọkọ̀ lọ kò ṣọ̀wọ́n: típà tí ń kó yanrìn, ọkọ̀ tí ń gbé omi, pikọ́ọ̀pù tókunbọ̀ tí onílé fi ń kó búlọ́ọ̀kù. Inú ọgbà ilé tàbí ẹ̀bá títì ni a ti ń tún púpọ̀ nínú wọn ṣe. Èdè òkèèrè ni wọ́n fi kọ ìwé ìlànà ọkọ̀. Yorùbá ni ẹni tí ó sùn sábẹ́ ọkọ̀ àti ẹni tí ó ń na sípánà sí i fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣi ènìyàn lọ́nà níbẹ̀, owó ni yóò kọ́kọ́ lọ. Nígbà mìíràn, ẹ̀mí ni.

Iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí ọ̀rọ̀-ìperí kò kéré. Ní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí ó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde, fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Èrò tiwa ni pé kíláàsì ni ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dojú kọ, ilé mẹkáníìkì kò sì tíì rí ìpín tirẹ̀ gbà. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n sì ń yà síbẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń bá lọ: kí wọ́n lé ọ̀rọ̀ àyálò jáde. A kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ohun tí ó ní orúkọ àyálò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò ní ìṣòro kan. Ibi tí ìṣòro wà ni ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi kan, tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ti ń ru ẹrù ìtumọ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ náà ni iná.

Orúkọ ẹ̀rọ náà

Sítátà ni ẹ̀rọ kékeré kan tí bátìrì ń yí, tí òun náà sì ń yí ẹ́ńjìnì títí ẹ́ńjìnì yóò fi lè máa dá yí fúnra rẹ̀. Àwọn rìwáyà, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti iná ọkọ̀, ń pè é ní kíìkì-sítátà, tàbí kíìkì lásán. Lára alùpùpù ni orúkọ yìí ti wá, nítorí pé ẹsẹ̀ ni a fi ń ta irin rẹ̀ kí ó tó dìde. Sítátà ọkọ̀ kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ẹsẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti di tiwa. Ó ti di ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń gba ìyísódì àti àwọn atọ́ka mìíràn bí ọ̀rọ̀-ìṣe yòókù: ọkọ̀ kíìkì, kò kíìkì, kò fẹ́ kíìkì, kò tíì kíìkì láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti wọ inú gírámà dé ibi yìí kò ṣeé lé jáde mọ́.

Àwọn kan yóò dábàá aṣáná. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ó fani mọ́ra. A máa ń sọ pé awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀. Ṣá àti iná ni ó para pọ̀ di ṣáná. Ìṣáná tí à ń fi dáná sì wà níbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- kún un, a ní orúkọ olùṣe: aṣáná. Ṣùgbọ́n sítátà kì í ṣá iná kankan. Yíyí ni ó ń yí ẹ́ńjìnì. Nínú ẹ́ńjìnì tí ń lo pẹtiróòlù, pílọ́ọ̀gì ni ó ń ṣáná. Nínú èyí tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì, kò sí ohun tí ń ṣáná rárá, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni ó ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí epo fi ń gbiná fúnra rẹ̀. Bí a bá pe sítátà ní aṣáná lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pílọ́ọ̀gì lórúkọ lọ́la yóò rí i pé a ti gba orúkọ tí ó tọ́ sí i fún ẹlòmíràn.

Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, irin gígùn ni wọ́n ń kì bọ iwájú ẹ́ńjìnì, tí ẹnì kan yóò sì máa fi agbára apá yí i. Bí ẹ́ńjìnì bá ta padà lójijì, irin náà lè ṣẹ́ ènìyàn lápá. Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe sítátà tí ń lo bátìrì fún ilé-iṣẹ́ Cadillac ní 1911, ó sì wà lára àwọn ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912. Ìtàn yìí kò wúlò fún wa ju pé ó fi hàn pé yí ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá iṣẹ́ sítátà mu. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ àpèjúwe fún akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ pé ẹ̀rọ ìyíẹ́ńjìnì ni. Fún orúkọ, sítátà ni àwa yóò máa lò, a kò sì rí ohun ìtìjú nínú rẹ̀.

Iná mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ kan

Iná ni ohun tí ń jó nínú ààrò. Iná ni àtùpà. Iná ni ohun tí Nẹ́pà ń mú wá tí ó sì ń mú lọ; orúkọ Nẹ́pà kò sì kúrò lẹ́nu wa bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé PHCN ni ó rọ́pò rẹ̀ ní 2005, tí a sì pín in tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní 2013. Kò sí àléébù nínú èyí, nítorí kò sí èdè tí kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kò bá kíìkì.

Ẹni tí ó bá jókòó díẹ̀ ní ilé mẹkáníìkì yóò gbọ́ ohun tí ó jọ èyí. Ọmọ-iṣẹ́ gbé gílóòbù ìdánwò sí ojú sítátà, gílóòbù tàn. Ó ké jáde lábẹ́ ọkọ̀ pé: “Ọ̀gá, iná wà níbẹ̀ o.” Ọ̀gá ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Sítátà ró kó, ẹ́ńjìnì kò mì. Ọ̀gá ní: “Iná wà, kò kàn gbé e ni.” Lẹ́yìn náà ni yóò yíjú sí olówó ọkọ̀: “Àlàájì, kíìkì yín ti lọ.” Àlàájì gba Ládípọ̀ lọ ní Múṣín, ó ra tókunbọ̀ wá, wọ́n fi ọjọ́ kan àbọ̀ tú èyí àkọ́kọ́ jáde, wọ́n gbé òmíràn wọlé. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Kó.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn ọ̀gá náà dáadáa, nítorí pé òye pọ̀ nínú rẹ̀. Gbé tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe gbé ti “iná gbé ọmọ náà”, níbi tí ènìyàn ti jẹ́ àbọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ewu. Ẹ̀rọ ni àbọ̀ níhìn-ín, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ohun tí ń bọ̀ kò tó ru iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀. Nítorí náà nǹkan méjì ni ọ̀gá ń sọ: ohun kan wà, ohun kan kò tó. Ó mọ̀ pé wọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Orúkọ kan ṣoṣo ni ó ní fún méjèèjì. Nígbà tí ó sì di pé kí ó wá ibi tí àbùkù wà, orúkọ kan náà tàn án jẹ: níwọ̀n bí iná ti dé ojú sítátà, ó gbà pé kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn wáyà mọ́, sítátà ni ó kù.

A lè fi tánkì omi ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìpájà ni ó ní tánkì lórí òpó. Bí tánkì bá ṣe ga tó ni omi ṣe ń ti omi inú páìpù tó. Bí a bá pa ẹnu ẹ̀rọ omi, nǹkan kan kò ṣàn, ṣùgbọ́n títì náà kò dẹ́kun. Ó wà níbẹ̀, ó ń dúró. Bí a bá ṣí i, omi ṣàn. Bí ìpẹtà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí inú páìpù pa, ẹni tí ó fẹ́ ṣan ọwọ́ kò ní mọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ pọn dúrọ́ọ̀mù kún ni yóò mọ̀. Ohun mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: èyí tí ń tì, èyí tí ń ṣàn, àti èyí tí ń dí ìṣàn lọ́wọ́. Mẹ́ta náà ni wọ́n nínú iná ọkọ̀ pẹ̀lú. A dábàá ipá iná fún èkíní, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní fóltéèjì. Ìṣàn iná fún èkejì, tí wọ́n ń pè ní kọ́rẹ́ǹtì. Àti ìdíwọ́ iná fún ẹ̀kẹta, tí wọ́n ń pè ní rẹsísítáǹsì.

A kò ṣàdédé yan ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ìtì iná ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn fún fóltéèjì, nítorí pé tì ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí tánkì fún wa. Ṣùgbọ́n ìwé púpọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, ìtì àti ìtí yóò sì dọ́gba lójú ìwé, tí òǹkàwé yóò fi máa wá igi ìdáná kiri. Ipá kò ṣàì ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé ipa ọ̀nà wà, ìpa sì wà. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti tẹ̀ lé e, ó ṣòro láti ṣì í. A rọ àwọn atúmọ̀ èdè pé kí wọ́n má ṣe lo agbára iná fún fóltéèjì. Agbára ni ohun tí a rí nígbà tí a bá sọ ipá di ìlọ́po ìṣàn, èyí tí a ń fi wáàtì wọ̀n, a óò sì nílò ọ̀rọ̀ náà fún un. Fún rẹsísítáǹsì, àwọn mìíràn lè fẹ́ ìdènà. Ẹni tí ó bá dènà kò jẹ́ kí a kọjá rárá. Ẹni tí ó díni lọ́wọ́ jẹ́ kí a kọjá pẹ̀lú ìnira. Ti ẹ̀yìn yìí ni rẹsísítáǹsì. Rọ́bà tí a fi bo wáyà ni ó yẹ kí a fi adènà-iná pè.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò yá kọ́rẹ́ǹtì bí a ti yá sítátà. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu ará ìlú, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò bá ti sáyẹ́ǹsì mu. Nígbà tí iná ilé bá wá lábọ̀, tí gílóòbù kàn ń pọ́n láìmọ́lẹ̀, tí fáànù sì ń fi ìnira yí, háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni à ń pè é. Ohun tí ó lọ sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an, ipá iná ni. Olùkọ́ tí ó bá mú kọ́rẹ́ǹtì wọ kíláàsì ti mú àṣìtúmọ̀ wọlé pẹ̀lú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa gbé ìtumọ̀ ilé sórí ìtumọ̀ ilé-ìwé láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti ṣìnà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa sàn kí a má yá a.

Àwọn òṣùwọ̀n kò nílò ìyípadà. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n: Volta ará Ítálì, Ampère ará Faransé, Ohm ará Jámánì, tí àpérò àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Paris ní 1881 fi sọ òṣùwọ̀n. Fólìtì, áńpíà àti óòmù ni a óò máa kọ.

Ohm kan náà ni ó tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1827, tí a lè sọ ní Yorùbá báyìí pé: ipá iná tí ó dànù lójú ọ̀nà dọ́gba pẹ̀lú ìṣàn iná ní ìlọ́po ìdíwọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi wo ọ̀rọ̀ ọmọ-iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní orí bátìrì ti dípẹtà, tí ìdíwọ́ ibẹ̀ sì jẹ́ 0.02 óòmù. Gílóòbù ìdánwò oníwáàtì 5 kò gbà ju nǹkan bí 0.4 áńpíà lọ. Ipá tí yóò dànù fún un kò ju 0.008 fólìtì, nítorí náà yóò tàn gbòò. Bí sítátà bá béèrè 200 áńpíà lójú ọ̀nà kan náà, fólìtì 4 ni yóò dànù kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú 12, ìyẹn pọ̀ jù. Ọmọ-iṣẹ́ kò purọ́: ipá iná wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan kan kò ṣàn. Gílóòbù rẹ̀ kàn dà bí ẹni tí ń ṣan ọwọ́ ni, sítátà sì ni dúrọ́ọ̀mù.

Ohùn tí sítátà ń fọ̀

Kí a tó kúrò lórí wíwá àbùkù, ó yẹ kí a yìn ibi tí èdè wa ti ṣe dáadáa láìsí ìrànlọ́wọ́ onímọ̀ kankan. Ìfìrógbóyeyọ ni. Bí àwọn rìwáyà bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀ tí wọn kò tíì rí, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: “Báwo ni ó ṣe ń dún?”

Iṣẹ́ méjì ni sòlẹ́nọ́ìdì tí ó wà lẹ́yìn sítátà ń ṣe. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré síwájú kí eyín rẹ̀ lè wọ eyín fuláíwíìlì. Ó sì ń so ojú wáyà ńlá méjì pọ̀ kí iná lè wọ inú sítátà. Kó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé ó ti ti kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀, sítátà ni kò yí: ó lè jẹ́ kábọ̀n inú rẹ̀ ni ó ti jẹ tán, ó lè jẹ́ ojú tí ó ń so pọ̀ ni ó ti jó, ó sì lè jẹ́ ìdíwọ́ lójú ọ̀nà. Kó-kó-kó-kó léraléra jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: bátìrì ni ó rẹ̀. Sòlẹ́nọ́ìdì fà, sítátà béèrè ìṣàn ńlá, ipá iná ṣubú, sòlẹ́nọ́ìdì kò lè di ara rẹ̀ mú mọ́, ó jọ̀wọ́. Ipá tún gòkè, ó tún fà. Fììì láìsí pé ẹ́ńjìnì mì túmọ̀ sí pé sítátà ń yí lásán, eyín kò mú eyín. Ìwé ìlànà yóò fi ojú ewé kan ṣàlàyé ohun tí ìró mẹ́ta yìí parí. A dábàá pé kí ẹni tí ó bá ń túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti wà, kí ó má ṣe sọ wọ́n di “ariwo ráńpẹ́” àti “ariwo aláìdẹ́kun”.

Etí nìkan kò tó fún kó kan ṣoṣo náà. Mítà ni yóò là á. Bátìrì ọlọ́fólìtì 12 tí ó kún, tí ó sì wà ní ìsinmi, yóò ní ipá tí ó tó 12.6 fólìtì. Kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnìkejì máa wo mítà lórí bátìrì. Bí ipá bá wálẹ̀ kọjá nǹkan bí 9.6, bátìrì ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí kò bá wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a gbé ẹnu mítà kan sí orí bátìrì tí ó ní àmì àròpọ̀, kí a gbé èkejì sí ojú tí wáyà nípọn ti wọ sítátà, kí a tún yí kọ́kọ́rọ́. Iye tí mítà bá kọ ni ipá tí ó ń dànù lọ́nà. Bí ó bá ju ìdajì fólìtì lọ, ìdíwọ́ wà níbẹ̀. Àbọ̀ iná náà ní ọ̀nà tirẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: láti ara ẹ́ńjìnì padà sí orí bátìrì tí ó ní àmì àyọkúrò. Kò sí ìdí tí a kò fi ní wọn ìyẹn, kódà lára ọkọ̀ tí ojú sítátà rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn, nítorí pé ara ẹ́ńjìnì kò sá fún ẹnikẹ́ni. Fún ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí ó ń lo bátìrì méjì, tí ipá rẹ̀ jẹ́ fólìtì 24, kí a sọ iye ti bátìrì di ìlọ́po méjì.

Ibi tí ọwọ́ kò tó

Sítátà gbogbo kọ́ ni ó pamọ́. Lára Mercedes 911, tí a fi ṣe àìmọye típà àti mólúè Èkó, ìwúwo rẹ̀ ni ìyọnu ju ibi tí ó wà lọ. Lára ẹ́ńjìnì Toyota onílítà 4.7 tí ó wà nínú Land Cruiser láti 1998, abẹ́ mánífóòdù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni sítátà wà, ní àárín ọ̀wọ́ sílíńdà méjèèjì tí ó ya bí lẹ́tà V. Ènìyàn kò lè rí i títí yóò fi tú mánífóòdù náà kúrò, pẹ̀lú páìpù epo àti wáyà tí ó so mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ṣe gbogbo èyí nítorí orí bátìrì tí ó dípẹtà ti san owó àìní ọ̀rọ̀.

Àwọn atúmọ̀ èdè sábà máa ń kọ pé “ó ṣòro láti dé ibẹ̀”. Gbólóhùn náà tọ̀nà, kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun mẹ́ta ni Yorùbá máa ń sọ níbi iṣẹ́, wọn kì í sì í dà wọ́n pọ̀. Ọwọ́ kò tó o: ó jìnnà, irin ìfàgùn ni sípánà nílò. Kò gba ọwọ́: ó súnmọ́, ṣùgbọ́n kò sí àyè, nítorí náà sípánà kúkúrú tàbí èyí tí ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀ ni a óò lò. Ojú kò tó o: ọwọ́ wọ ibẹ̀, ojú kò rí i, kí a fi dígí wò ó tàbí kí a fi ìka wá orí nọ́ọ̀tì kí a tó gbé sípánà lé e, kí a má baà bó o lórí. Bóòtì òkè sítátà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí òǹkọ̀wé bá sọ èyí tí ó jẹ́, ó ti sọ irinṣẹ́ tí a óò mú dání.

Dẹ, yọ, tú, fún

Tú ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń ru ẹrù jù lẹ́yìn iná. A ń tú nọ́ọ̀tì, a ń tú sítátà kúrò, a sì ń tú sítátà fúnra rẹ̀ palẹ̀ láti wo kábọ̀n inú rẹ̀. Lójú ìwé, “tú sítátà” lè mú kí ènìyàn ṣí inú ẹ̀rọ tí ó kàn yẹ kí ó gbé kúrò. Èrò wa ni pé kí a fi dẹ mọ nọ́ọ̀tì tí a fẹ́ kí ó tú díẹ̀ ṣùgbọ́n kí ó má kúrò, kí a fi yọ mọ ohun tí a fẹ́ gbé jáde, kí a sì fi tú palẹ̀ mọ ohun tí a fẹ́ ṣí inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ dẹ àti yọ ṣe pàtàkì nígbà tí sítátà bá wà lókè orí ẹni. Bóòtì ìkẹyìn ni a ń dẹ, kí a tó fi ọwọ́ kejì gbé sítátà ró. Lẹ́yìn náà ni a óò yọ bóòtì náà.

Orí bátìrì ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó ní àmì àyọkúrò ni a ó kọ́kọ́ yọ. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí alámì àròpọ̀, tí sípánà sì kan ara ọkọ̀, yóò bíríìjì: ìṣàn iná ńlá yóò gba inú sípánà kọjá, irin lè pọ́n lọ́wọ́ ẹni. Bí a bá ti yọ àyọkúrò ṣáájú, sípánà lè kan ara ọkọ̀ láìsí wàhálà. A lo orúkọ àmì ìṣirò yìí nítorí pé ọmọ ilé-ìwé mọ̀ wọ́n, wọ́n sì wà lára bátìrì. Kí òǹkọ̀wé má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Lára ọkọ̀ tí ó ti kọjá lọ́wọ́ rìwáyà mẹ́rin, wáyà pupa kò ní ìtumọ̀ kan mọ́.

Bákan náà ni gbé sókè àti gbé ró. Jáàkì ń gbé ọkọ̀ sókè. Kì í gbé e ró. Ìwé tí ó bá sọ pé “gbé ọkọ̀ sókè, kí o sì wọ abẹ́ rẹ̀” ti pa gbólóhùn kan jẹ láàárín, ẹni tí ó bá sì gbọ́ràn sí i lè má jáde. Ní ilẹ̀ yanrìn, pákó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ jáàkì kí ó má baà rì. Lẹ́yìn náà kí a fi sítáńdì irin tàbí ìtí igi gbé ọkọ̀ ró, kí a sì fi nǹkan dí táyà. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí ó pọ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Ìpájà kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ó lè fọ́ lójijì láìkọ́kọ́ sán.

Àwọn mìíràn máa ń fi irin so ojú méjì sítátà pọ̀ láti dán an wò. Bí jíà kò bá sí ní fíríì, sítátà yóò wa ọkọ̀ náà lọ, ẹni tí ó wà níwájú táyà ni yóò sì kọ́kọ́ bá pàdé. “Kí jíà wà ní fíríì” kò gbọdọ̀ wà ní ẹ̀yìn irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Iwájú ni àyè rẹ̀.

Ní ti ojú sítátà, àwọn ará Jámánì ti ràn wá lọ́wọ́ láìmọ̀. Nínú ìlànà wọn tí ń jẹ́ DIN 72552, nọ́ńbà ni orúkọ ojú kọ̀ọ̀kan: 30 ni èyí tí ó gba wáyà nípọn láti orí bátìrì, 50 ni èyí tí kọ́kọ́rọ́ ń rán iná sí, 31 sì ni ti àbọ̀. A máa ń rí 30 àti 50 lára ọ̀pọ̀ sítátà. Ojú ọgbọ̀n àti ojú àádọ́ta jẹ́ Yorùbá pípé, kò sì sí ẹni tí yóò bá wa jà lórí ìtumọ̀ wọn.

Nígbà tí sítátà tuntun bá wọlé, kí a fọ ibi tí ara rẹ̀ ti kan ẹ́ńjìnì títí irin yóò fi hàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà àbọ̀ iná. Fún bóòtì tí ó dè é mọ́ ẹ́ńjìnì, fún un pa ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ. Fún nọ́ọ̀tì ojú ọgbọ̀n, fún un nìkan ni. Bàbà ni igi rẹ̀, ó rọ̀; bí a bá fún un pa, yóò yí nínú ihò rẹ̀ tàbí kí ó ṣẹ́, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí mánífóòdù. Orí bátìrì alámì àyọkúrò, tí ó kọ́kọ́ kúrò, ni yóò padà kẹ́yìn.